Ìyá Fàòsíyà àti Etí Èkúté

Ìtòkú ni Ìyá Fàòsíyà ti ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya àdìrẹ. Èkúté lọ̀tá rẹ̀, torí wọ́n máa ń jẹ ẹ̀kọ náà kúrò lára aṣọ kó tó rẹ ẹ́ sínú aró. Bó bá rí ọ̀kan, bàtà pẹ̀lú èébú ló fi ń lé e.

Lọ́jọ́ kan, Ummulkulthum, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì, fi àwòrán kan hàn án lórí fóònù: ilà pupa wẹ́wẹ́ tó yí po bí ìkarahun ìgbín.

“Ta ló ya èyí? Ọwọ́ mi ò lè ya ilà tó tín-ín-rín báyìí láéláé.”

“Ìyá àgbà, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú etí ọmọ èkúté ni. Wọ́n á ti bí i tán kí iṣan náà tó tò parí. Òmíràn ń hù, òmíràn ń parẹ́.”

“Sùbùhánálláhì! Èkúté náà?”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé aṣọ kan, ó bá àwọn ọmọ èkúté pupa lábẹ́ rẹ̀. Ó ti na bàtà sókè. Ó wò wọ́n títí, ó sọ bàtà sílẹ̀, ó rọra fi àkísà bò wọ́n.

“Ẹ jẹ́ kí Ọlọ́run ya tirẹ̀ parí ná,” ó ní. “Tí etí yín bá là tán, ẹ ó wá gbọ́ èébú mi.”