Ọdún Tí A Sin Òtútù ní Adelphi

Ẹ fa àga yín sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó bá ń tẹ fóònù, kó dojú rẹ̀ bolẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò fẹ́ kí wọ́n já òun gbà lẹ́nu mi. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, nígbà tí ẹ ń tú tẹlifíṣọ̀n tuntun jáde nínú páálí, fóòmù funfun líle tí wọ́n fi dì í ń ha ara mọ́ páálí, ó ń dún kín-ín-rín, kín-ín-rín. Gbogbo yín dí etí. Èmi jókòó, mò ń rẹ́rìn-ín, nítorí ìró yẹn ti gbé mi padà sí Adelphi ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìgbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí a kò tíì pé ọdún méjì tí a ti Ìbàdàn dé.

Ilé bíríkì pupa alájà mẹ́ta là ń gbé. Òkè pátápátá ni tiwa, níbi tí òtútù ti ń gba etí fèrèsé wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Lábẹ́ wa ni Dẹ̀níìsì àti ìyá rẹ̀ wà. Ọmọ aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni Dẹ̀níìsì, ojúgbà mi ni. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fo okùn méjì pọ̀, òun náà ló kọ́ mi ní èsì tí mo lè fún ọmọ tó bá ń sín ohùn mi jẹ. Ìyá rẹ̀ ti ra ilé sí Lake Arbor, tí kò ṣeé fẹsẹ̀ rìn dé láti ọ̀dọ̀ wa, ọjọ́ kejì Hálówíìn gan-an ni wọ́n sì máa kó lọ. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà máa ń fi òkú àti iwin ṣeré ni Hálówíìn. A wá pinnu pé kó tó lọ, a máa sọ koríko iwájú ilé di itẹ́ òkú tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí ní òpópónà wa.

Fóòmù tí a máa fi ṣe òkúta oórì kò jẹ́ ìṣòro, torí bàbá mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta fíríìjì. Ó ń kó o wálé bí ẹni ń kó igi ìdáná. Ọ̀bẹ búrẹ́dì la fi ń gé e, èérún rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ wa nírun, nípénpéjú, títí a fi jọ ẹni tó bọ́ sínú àpò gààrí. Àkọ́kọ́ tí a gé, a fi ọ̀dà inú agolo tí wọ́n ń fín kùn ún. Háà, lójú wa báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí yọ́, bí ṣúgà nínú ògì gbígbóná. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ ògiri.

Lẹ́tà kíkọ ni iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn tẹ́lẹ̀: pátákó ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, òkúta ojú oórì. Ó ní kí a po iyanrìn mọ́ ọ̀dà ògiri, kí a fi kànìnkànìn tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó gbẹ, ẹ ó búra pé òkúta ni.

Màmá mi ń wò wá láti ìdí iná. Ó ní, "Ẹ ò kúkú ní kọ orúkọ èèyàn sí nǹkan yẹn?"

Mo ní, "Rárá, mà." Irọ́ ni.

Ní Sátidé kan, Dẹ̀níìsì kanlẹ̀kùn. Ó ti dá ṣe ọ̀kan níkọ̀kọ̀ láti fi ta mí lọ́rẹ. Màmá mi ló ṣílẹ̀kùn. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà, pẹ̀lú òdòdó yí i ká, ó sì kọ ọ́ pé ibẹ̀ ni mo sùn sí.

Màmá mi kò pariwo. Ó gbà á, ó fi orókún kán an sí méjì. Ó wá fọwọ́ yí mi lórí ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "Orúkọ ọmọ mi kò sí níbẹ̀. Kò sí níbẹ̀." Ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún Dẹ̀níìsì jẹ́jẹ́ pé kó máa lọ sílé. Jẹ́jẹ́ yẹn dùn mí ju ariwo lọ. Nígbà tó tilẹ̀kùn tán, ó ní òun kò fẹ́ rí i kí ẹsẹ̀ mi kan koríko yẹn mọ́. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ló kù kí Hálówíìn pé.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, Dẹ̀níìsì kò dúró dè mí níbi tí a ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Mò ń ka ọjọ́. Bàbá mi ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbi tí a ti ń jẹun.

"Ọmọ yẹn ò mọ̀. Ẹ̀bùn ló ṣe."

"Ẹ̀bùn ikú, Dádì?" Màmá mi ló fèsì bẹ́ẹ̀.

"Ní tiwọn, ẹni tí wọ́n bá fẹ́ràn ni wọ́n ń bá ṣeré báyẹn."

"Kó fi ara ẹ̀ ṣeré ọ̀hún."

"Ó fi ara ẹ̀ náà ṣe é. Mo rí i nísàlẹ̀. Ó fẹ́ kí tàwọn méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn."

Màmá mi ń fi ṣíbí ro ọbẹ̀ tí kò nílò ríro. Ó ní, "Orúkọ ta lẹ wá fẹ́ kọ? Kò sórúkọ tí ẹnìkan ò jẹ́."

"Ṣé èèyàn nìkan là ń sin ni? Kí lo fẹ́ kó kú nínú ilé yìí?"

Atẹ́gùn sì gbé kọ́tìnì sókè. Màmá mi wò ó. Ó ní, "Òtútù." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀kalẹ̀ lọ pe Dẹ̀níìsì, ó gbé abọ́ dòdò dání. Ó jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán kó tó bi í léèrè ohun tí òun náà fẹ́ kó kú. Dẹ̀níìsì ní kíkó tí àwọn fẹ́ kó lọ ni. Màmá mi mú un gòkè wá. Ó wá yíjú sí bàbá mi: "Bá a kọ Ìpínyà."

Nígbà tí Hálówíìn máa pé, Òtútù, Ìyà, Àárẹ̀ àti Ìpínyà ti dúró lórí koríko, bàbá mi gbẹ́ lẹ́tà wọn jinlẹ̀ bí ti ọlọ́lá. Alhaji Súlè, aládùúgbò wa tó ń wa takisí, ti búra pé òun kò ní wo ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń kọjá, ojú rẹ̀ bọ́ sí ibi tí a kọ ọ́ sí: NÍBÍ NI ÌYÀ SÙN SÍ, KÒ NÍ JÍ MỌ́.

Ó ní, "Àmín."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Alhaji, nídìí eré ọmọdé lẹ ti ń ṣàmín?"

"Ṣé kí n má ṣe é ni? Ìyà mà ni wọ́n sin."

Obìnrin náà kà á síwájú, òun náà ṣe àmín sí Àárẹ̀. Ó ní ṣé a lè bá òun sin ọ̀gá òun níbi iṣẹ́. Màmá mi ní a kì í sin èèyàn níbí. Obìnrin náà ní, "Ẹ bá mi sin ìbínú ẹ̀ nìkan." Àwọn ọmọ tó ń gba súìtì kiri ń béèrè ohun tí a kọ, Dẹ̀níìsì sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn bí ẹni pé Mápó ni wọ́n bí i sí.

Lónìí, ẹ ń ra òkúta oórì ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti kọ ọ́ tán kí ẹ tó dé ibẹ̀, iyanrìn kò sì kan èékánná yín. N kò bá yín jà. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan nínú yín bá kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ọ̀kan, èmi tí mò ń fi màmá mi rẹ́rìn-ín yìí, orókún mi náà ni màá fi kán an.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì Hálówíìn ọdún yẹn, a pín ogún. Màmá mi ló jogún Òtútù, ó gé e wẹ́wẹ́, ó fi dí etí fèrèsé, a sì sùn láìwọ súwẹ́tà ní ọdún náà. Alhaji jogún Ìyà, ó ń kúnlẹ̀ lé e bó bá ń pààrọ̀ táyà. Ìyàwó rẹ̀ gbé Àárẹ̀ lọ, ó ń gbé ẹsẹ̀ lé e lẹ́yìn iṣẹ́. Ìyá Dẹ̀níìsì ní kò sí àyè mọ́ nínú ọkọ̀, Dẹ̀níìsì bá gbé Ìpínyà lé itan níwájú, ó kọjú lẹ́tà rẹ̀ sí gíláàsì, mo sì ń kà á títí wọ́n fi yà ní kọ́nà. Èmi kò rí fóòmù kankan gbà. Sátidé ni wọ́n pín fún mi: bàbá mi ń fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí Lake Arbor ní gbogbo Sátidé, títí èmi náà fi mọ ọkọ̀ wà.