Ilé Ìwé Tí A Torí Rẹ̀ Kó Wá Sí Adó

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tó ń kiri irú gba iwájú ilé mi ní àdúgbò Adébáyọ̀ l'Adó kọjá. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì yọ tí òórùn ẹrù rẹ̀ ti wọlé tọ̀ mí wá, mo sì dìde kíá, mo ti fèrèsé. Ìyàwó ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Màmá, ará Èkìtì wo ni kì í jẹ irú?" Mo ní èmi ni. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí wọ́n ń fi mọ́tò gbé lọ sí ilé ìwé, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Láyé ìgbà tí mo ń sọ yìí, ẹni tó bá kúrò ní abúlé wa láàárọ̀ kùtù á fẹsẹ̀ rìn dé Adó kí oòrùn tó wọ̀. Ilé ìwé kan wà ní abúlé náà, alámọ̀, tí wọ́n fi koríko bò, tíṣà kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Ṣòkòtò péńpé funfun ni tíṣà náà máa ń wọ̀, àwọn àgbà ọkùnrin a sì máa ṣí fìlà fún un. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣe irú tà. Àwa ọmọ ilé ìwé la sì ń bá a ṣe é.

Láàárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, tíṣà á ka ojú ewé kan nínú ìwé ABD, àwa náà á ké e tẹ̀lé e bí odídẹrẹ́. Lẹ́yìn náà á ní, "Ó tó." Àwọn ọkùnrin á gba oko rẹ̀ lọ, àwa obìnrin á ru agbọ̀n hóró irú sísè lọ sí odò. A ó da eérú sí i, a ó máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí èèpo rẹ̀ yóò fi bó. Omi dúdú tó ń yọ̀ bí ikun á wọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wa, eṣinṣin á bò wá lójú. Èyí tó bá ti jinná, inú kíláàsì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, lábẹ́ pátákó ìkọ̀wé, kí ó lè kan dáadáa. Ìdin a máa jáde níbẹ̀, wọn a sì máa gun ògiri lọ sókè. Àwọn ìdin yẹn nìkan ló ń rí ìlọsíwájú nínú kíláàsì náà.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe èyí. Yèyé mi, opó tó ń hun aṣọ kíjìpá, kò mọ̀. Àwa méjì péré ló bí, Àjàyí ẹ̀gbọ́n mi, àti èmi. Àjàyí ti lọ ṣe lébìrà níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà ní apá Iléṣà. Torí lẹ́tà tó bá máa kọ ránṣẹ́ gan-an ni Yèyé ṣe fi mí sí ilé ìwé, nítorí kò fẹ́ kí ará ìta máa ka ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ fún un.

Ní ọdún kẹta, lẹ́tà àkọ́kọ́ dé. Àwọn obìnrin agboolé pé jọ. Yèyé fi ìdí aṣọ rẹ̀ nu ọwọ́, ó gbé e fún mi bí ẹni gbé ẹyin. Mo ṣí i, mo sì rí ohun tó jọ ipa ẹsẹ̀ adìẹ lórí iyanrìn. Gbogbo ojú ń wò mí. Ìtìjú mú mi, mo bá la ẹnu, mo fi ohùn tí a fi ń ké ABD sọ pé, "Àjàyí kí yín. Ó ní ara òun le. Ó ní òun ń bọ̀ wá ṣe ọdún Kérésì."

Yèyé kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó lọ sí orí àjà, ó mú itan òkété gbígbẹ, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ fún mi. Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì lá ọwọ́ mi. Nínú gbogbo ohun tó ń rí mi lára láyé yìí, ẹran yẹn ló burú jù.

Oṣù náà kò tíì parí tí ọkùnrin kan tó bá Àjàyí ṣiṣẹ́ fi gbé ẹní àti àdá Àjàyí wá fún wa. Ó ní ilẹ̀ kòtò ló ya lu ẹsẹ̀ rẹ̀, egbò náà sì rà. "A kọ̀wé sí yín pé kí ẹ wá gbé e," ló wí. "A retí yín títí ó fi kú." Yèyé mú lẹ́tà náà lọ bá bàbá ìjọ. Bàbá kà á, ó wò mí, ó sì wo ilẹ̀.

Yèyé kò nà mí. Ì bá sàn kí ó nà mí. Lọ́jọ́ kejì ó fà mí lọ́wọ́ lọ bá tíṣà. Tíṣà jókòó sórí àga lọ́ọ̀dẹ̀, ọmọbìnrin kan láti kíláàsì wa kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń fi abẹ́rẹ́ bá a yọ jìgá lẹ́sẹ̀.

Yèyé ní, "Tíṣà, ọdún mẹ́ta rèé. Kí lẹ kọ́ ọmọ mi?"

Kò tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò. "Ìyá, obìnrin ṣáà ni. Irú tó mọ̀ ọ́n ṣe yìí á wúlò fún un nílé ọkọ."

Yèyé tutọ́ sílẹ̀, a sì padà sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú òfì ìhunṣọ rẹ̀. Ó ní, "Kó ẹrù rẹ. Bàbá Súlè ní ulé ìwé kan wà l'Adó, àwọn ọmọ kò pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní ìwé." Bàbá Súlè ni Mùsùlùmí tó máa ń ta òwú fún un, ọmọ tirẹ̀ méjì wà níbẹ̀. Àwọn ẹbí bàbá mi ní ọkọ ló fẹ́ lọ fẹ́. Yèyé gbé igi òfì rẹ̀ rù, a sì gba ọ̀nà Adó lọ.

Yàrá tí a rí gbà l'Adó, ewúrẹ́ ló ti ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. A ha ìgbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ìdun inú ògiri sì fi wá ṣe àlejò. Ní ọjọ́ kẹta, a lọ sí ilé ìwé náà. Àwọn ará ìlú ló fọwọ́ ara wọn kọ́ ọ, ọmọ onígbàgbọ́ àti ọmọ Mùsùlùmí sì jọ ń lọ. Gbogbo wọn jẹ́ mẹ́tàlélógún. A pàdé ọ̀dọ́kùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ru ìkòkò omi bọ̀ láti odò. Yèyé bi í pé, "Ọmọ mi, níbo ni tíṣà wà?"

"Èmi ni, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n sọ omi yìí kalẹ̀ ná."

Yèyé yíjú sí mi. "A ti dé," ló wí.

Tíṣà ní kí n kàwé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké e geere. Ó dojú ìwé náà dé, mo ṣì ń ké e lọ. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín. Ó fi mí sáàárín àwọn ọmọ kéékèèké tí kò ga dé èjìká mi, a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí A.

Ọdún kan kọjá kí Yèyé tó gbé lẹ́tà náà jáde láti inú àpótí. Ó jókòó sídìí òfì. "Kà á."

Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àjàyí ní kí a wá gbé òun, pé òun fẹ́ kú sílé.

"Báyìí ló ṣe wí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé."

"Tún un kà."

Mo tún un kà. Ó nu ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ.

Èmi náà ṣe tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ilé ìwé ti pọ̀ l'Adó báyìí, àwọn mìíràn ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ, wọ́n kun ògiri wọn ní àwọ̀ oríṣiríṣi. Síbẹ̀ àwọn ìyá ṣì ń kó ọmọ kiri. Lánàá, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí àdúgbò wa torí ọmọ rẹ̀ wá bi mí pé ilé ìwé wo ló dára. Mo ní, "Má wo ògiri. Má sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé o ń bọ̀. Dé ibẹ̀ ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, kí o wo ibi tí àwọn ọmọ wà."

Ó lọ wo ọ̀kan láàárọ̀ òní. Nígbà tó padà dé, ó ti fa ojú ro. Ó ní inú oko tíṣà ni òun ti bá àwọn ọmọ náà.

Lọ́la, yóò lọ wo òmíràn.