Ọkọ̀ Àtùpà Tó Kúrò Ní Àyè Rẹ̀

Ohun tó jẹ́ kí n gbà kí ọmọ mi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ náà ni pé wọ́n ní kì í rìn. Mo bi wọ́n dáadáa. Mo ní, "Ṣé kò ní ẹ́ńjìnnì rárá?" Wọ́n ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án, kò ní ẹ́ńjìnnì rí. Mo ní kí wọ́n fi ìdákọ̀ró rẹ̀ hàn mí, wọ́n sì fi ṣéènì kan hàn mí tó nípọn ju ọrùn ọwọ́ mi lọ. Ọkàn mi balẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lójú omi, tó sì jẹ́ pé inú ọkọ̀ tí kò lè lọ síbì kankan ló ti fẹ́ ṣe é, kí ni bàbá rẹ̀ tún ń wá?

Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí. Omi ò jìnnà sílé wa, síbẹ̀ n kò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, nítorí ìyá mi kò jẹ́ ká dé etí omi. Títí mo fi di bàbá ọlọ́mọ, n kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà nítòsí títì Adéníji Adélé, n kì í sì í gé aṣọ tí n kò tíì wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo ṣe ń tọ́ ọmọ náà nìyẹn. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bó bá ṣeé ṣe ni, ǹ bá fi téèpù wọn gbogbo títì kí ọmọ tó gbẹ́sẹ̀ sí i.

Ọmọbìnrin yìí ni àkọ́bí wa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú àwọn àlejò yíká inú ọkọ̀, kó sì sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Lọ́jọ́ kan mo bá àwọn àlejò wọlé, mo dúró sẹ́yìn pátápátá kó má baà rí mi.

"Bàbá tó wà lẹ́yìn yẹn," ló ní, "ẹ sún mọ́ ibí. A ò kí ń gé àlejò jẹ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ní nígbà kan rí, yanrìn máa ń wọ́ jọ sábẹ́ omi níbi tí òkun ti ń wọ ọ̀sà, tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ tó bá dé lóru á gùn ún, á sì há síbẹ̀. Kò sí ilẹ̀ níbẹ̀ tí èèyàn lè kọ́ ilé ìmọ́lẹ̀ lé. Wọ́n bá gbé àtùpà ńlá sórí òpó ọkọ̀ kan, wọ́n so ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ lójú kan náà, àwọn èèyàn sì ń gbé inú rẹ̀ láti máa tan iná náà. Bí ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run tí iná kò hàn, wọ́n á máa lu agogo. Àwọn ọkọ̀ mìíràn á kọjá lọ sí ìlú òyìnbó, wọ́n á kọjá bọ̀, àwọn ará ọkọ̀ àtùpà á máa juwọ́ sí wọn. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n má kúrò.

Nígbà tí iná tó ń léfòó, tí kò nílò èèyàn, dé, wọ́n fa ọkọ̀ náà wọlé, wọ́n sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó okùn àti ọ̀dà sí. Ó dógùn-ún. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ gbà á, wọ́n ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà pupa, wọ́n sì dè é mọ́ etí omi lápá Olówógbowó fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.

Ìgbà tí wọ́n rí i pé irin abẹ́ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ ni wàhálà tèmi bẹ̀rẹ̀. Ó di dandan kó lọ sí òdìkejì omi, níbi tí wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ sókè tún ṣe. Tọ́ọ̀gì, ìyẹn ọkọ̀ kékeré alágbára tó ń fa ọkọ̀ ńlá, ni yóò fà á. Wọ́n nílò àwọn tí yóò dúró nínú rẹ̀ láti mójú tó okùn. Ọmọ mi ní òun á lọ.

"O ò lọ ibì kankan," mo ní.

"Dádì, mo ti gbà fún wọn."

"Wọ́n sọ fún mi pé kì í rìn!"

"Kì í rìn náà ni. Wọ́n fẹ́ fà á ni."

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. "Olówó orí mi, ẹ fi ọmọ sílẹ̀. Ọmọ tó ti tó lọ sílé ọkọ, ẹ ṣì fẹ́ máa pọ̀n ọ́n."

"Bó bá gbà, màá pọ̀n ọ́n."

Mo lọ bá ọ̀gá ọkọ̀ náà, bàbá Ìjẹ̀bú kan tó ti ṣiṣẹ́ lójú òkun kó tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kó yọ orúkọ ọmọ mi kúrò. N kò tíì la ẹnu tó fi dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ẹ ṣé gan-an tí ẹ wá! Ọmọ yín ní aránṣọ ni yín. Iṣẹ́ ń bẹ fún yín níbí."

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní ọkọ̀ àtùpà tó bá kúrò ní àyè rẹ̀ ti di onírọ́, nítorí òun ni àwọn ọkọ̀ tó kù fi ń mọ̀nà. Bó bá tan iná níbi tí kì í ṣe ibùdó rẹ̀, ó lè ṣi wọ́n lọ́nà lọ sórí yanrìn. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń fà á lọ, kò gbọdọ̀ tan iná, ó sì gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀lù dúdú ńlá méjì kọ́ sókè, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí ẹni tó bá rí i mọ̀ pé kò yẹ kí òun tẹ̀ lé e.

"Ta ló tún ń fi í mọ̀nà báyìí, sà?" mo bi í.

"Kò sẹ́nì kankan. Àmọ́ bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí èmi náà ní irú ìṣe bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Bí mo ṣe gba iṣẹ́ nìyẹn, tí mo gbàgbé ohun tí mo bá wá. Kanfáàsì dúdú ni mo rán mọ́ àwọn wáyà roboto, mo sì rán ojú rírán kọ̀ọ̀kan ní àránpadà, ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì, kó má baà tú. Wọ́n ti sọ pé gbogbo fóònù àwọn tó wà lórí ọkọ̀ máa wà nínú àpò kan, kí ọkàn ẹnikẹ́ni má baà kúrò lórí okùn. Ṣé ẹ rí i, bọ́ọ̀lù méjì yẹn nìkan ni màá fi mọ̀ bí ọmọ mi ṣe wà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbéra, mo dán okùn jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì wò lára rẹ̀, mo tún un dán wò.

"Dádì, mi ò lè mí mọ́ o!"

"Ìyẹn ni pé ó dára."

Tọ́ọ̀gì fà, okùn le gbandi, ọkọ̀ pupa náà ṣí kúrò létí omi wẹ́rẹ́. Èmi àti ìyàwó mi dúró, à ń wò ó. Ó ń kéré sí i, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù mi méjèèjì hàn ketekete. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan wá gba àárín wa kọjá. Nígbà tó kọjá tán, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni mo rí.

"Ọ̀kan," mo ní.

"Bóyá ojú yín ni."

"Ojú tí mo fi ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́?"

Bọ́ọ̀lù yẹn kò lè já. Èmi ni mo rán an, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n so ó. Bí kò bá já, a jẹ́ pé iwájú ọkọ̀ ló ti wọ inú omi. Mo pe ọ̀gá ọkọ̀ tó wà pẹ̀lú wọn, kò gbé e. N kò lè sọ bí ẹsẹ̀ mi ṣe gbé mi dé inú ọkọ̀ ojú omi akérò tó fẹ́ lọ sí òdìkejì. Ohun tí mo rántí ni pé mo dúró gbagidi láàárín èrò, mo ń ka gbogbo àdúà tí mo mọ̀.

"Bàbá, ẹ jókòó," awakọ̀ kígbe. "Ṣé ẹ fẹ́ fẹsẹ̀ tì í ni?"

"Ẹ má bínú sí wọn," ìyàwó mi tó ti tẹ̀ lé mi ní. "Ọjọ́ àkọ́kọ́ wọn lójú omi nìyí."

"Háà! Ní Èkó yìí?" obìnrin kan ní, àwọn èrò sì ń rẹ́rìn-ín. Ojú mi ò kúrò lára bọ́ọ̀lù kan yẹn.

A rìn díẹ̀, ọkọ̀ wa yà sápá òsì. Bó ṣe yà báyìí, bọ́ọ̀lù kejì yọjú lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, díẹ̀díẹ̀, títí àwọn méjèèjì fi dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀. Ẹ̀yìn ló kọ sí wa nígbà tó ń yí wọ ibi tó ń lọ, ọ̀kan sì bo èkejì mọ́lẹ̀. Mo jókòó.

"Ṣé kí n sọ̀rọ̀?" ìyàwó mi bi mí.

"Má sọ̀rọ̀."

Ó kàn fi etí ìborùn rẹ̀ nu òógùn ojú mi.

Nígbà tí a dé, wọ́n ti so ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀, ọmọ mi jókòó sórí okùn tí wọ́n ká, ó ń mu omi. Ó wò mí, ó wo ọkọ̀ akérò tí mo ti ń bọ́ sílẹ̀, ó tún wò mí.

"Dádì? Ẹ̀yin? Nínú ọkọ̀?"

Mo gba ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, mo ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wò. Okùn ti bó o níbi mélòó kan.

"Ó ń ta mí díẹ̀," ló ní. "Ṣùgbọ́n mi ò jọ̀wọ́ rẹ̀."

Orí títì la gbà padà sílé. Nínú mọ́tò, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó gbé orí lé èjìká mi, a ò sì tíì gun afárá tó fi sùn lọ. Apá mi kú tipiri. Ìyàwó mi ní kí n jẹ́ kí òun gbà á, ká pààrọ̀ àyè. Mo ní rárá, orí rẹ̀ wúwo dáadáa, bó ṣe yẹ kó wúwo gan-an nìyẹn.