Gúnrégé àti Èríálì Orí Ilé Wa

Wọ́n ní èríálì orí ilé wa máa ń gbọ́ ìròyìn kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀. Onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì ló bí ọ̀rọ̀ yìí, òun ló tọ́ ọ dàgbà, òun náà ló sì rán an jáde. Ẹni tó lọ gé irun láàárọ̀ gbọ́ pé òpó èríálì náà ga débi pé àwọn ẹyẹ ń sinmi lórí ẹ̀ kí wọ́n tó máa bá ìrìnàjò wọn lọ. Ẹni tó lọ gé tiẹ̀ nírọ̀lẹ́ gbọ́ pé ọkọ̀ òfuurufú ti yà fún un rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an, torí bàbá mi ló ni èríálì, èmi ni mo sì ń di àkàbà mú.

Káfíńtà ni bàbá mi. Gúnrégé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ohun tó wọ́ tí ojú ẹ̀ lè gbà. Bó bá délé onílé, tí onílé ní, "Ẹ káàbọ̀ sà," òun á ní, "Ẹsẹ̀ àga yín yìí kúrú o." Nínú pálọ̀ wa, òun fúnra ẹ̀ ló fi pákó bo ògiri látòkè délẹ̀. Ó fá a, ó kùn ún, ó ń dán bí ojú omi. Wáyà iná, wáyà èríálì, gbogbo wọn ló rì sẹ́yìn pákó. Ó máa ń sọ pé, "Wáyà tó bá hàn síta nínú ilé, bí ìfun tó tú síta ni."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gboyè jáde ní yunifásítì, bàbá mi gbẹ́ férémù fún àwòrán ẹ̀, ó sì gbé e kọ́ sáàárín ògiri náà, lókè tẹlifíṣọ̀n gan-an. Ìṣó gígùn ló kàn fún un. Ó ní ọmọ òun ò gbọdọ̀ já bọ́.

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí tẹlifíṣọ̀n wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárẹ̀. Ojú ẹ̀ ń hó bí iyanrìn tí wọ́n ń kù. Kò sẹ́ni tó bìkítà. Ìdí pákó ni bàbá mi máa ń wà, màmá mi ń ránṣọ, fóònù lèmi ń tẹ̀ ní tèmi. Àfi ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi pè wá láti ìlú kejì, tó ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tóun ń bá ṣiṣẹ́ ti ní kóun wá ka ìròyìn agogo mẹ́fà lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ ẹ̀ nìyẹn.

Màmá mi ní ká wọkọ̀ lọ sílé àbúrò òun, ká lọ wò ó lọ́hùn-ún.

Bàbá mi ní, "Kí n lọ jókòó sórí àga ẹlòmíràn wo ọmọ tí mo bí? Inú ilé yìí la ti máa rí i."

"Nínú tẹlifíṣọ̀n wo, bàbá wọn? Èyí tó ń hó yìí?"

"Màá tún un ṣe."

Oògùn kan ṣoṣo ni bàbá mi mọ̀ fún èríálì: kó ga. Ó fá pákó, ó so ó mọ́ òpó, ó sì yí ojú èríálì síbi òkè tí ìlú ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn ẹ̀. Iyanrìn. Ó tún so pákó mìíràn. Iyanrìn. Òpó yẹn gún, ẹ ò lè rí àléébù kankan lára ẹ̀, àfi pé kò ṣiṣẹ́.

Onígbàjámọ̀ jáde, ó káwọ́ lẹ́rán. "Gúnrégé! Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀run, ẹ bá mi kí bàbá mi o!"

Bàbá mi dáhùn látorí àkàbà, "Màá kí wọn! Màá sì sọ fún wọn pé gbogbo orí tó ń tọwọ́ ẹ jáde, ẹ̀gbẹ́ kan ga jùkan lọ!"

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Jímọ̀, ẹ̀rín ti tán. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó, ó ń wo iyanrìn inú tẹlifíṣọ̀n. Ó rọra ní, "Bóyá ká kúkú máa wá ọkọ̀ lọ."

Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu ẹ̀ rí. Màmá mi náà ò lè wò ó lójú. Ó mú àkísà, ó lọ ń nu àwòrán ẹ̀gbọ́n mi lára ògiri. Bó ṣe gbọn férémù yẹn báyìí, ojú ọkùnrin kan yọ nínú tẹlifíṣọ̀n, ó mọ́ kedere, ó sì tún pòórá.

Mo kígbe, "Màmá, ẹ tún un ṣe!"

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ gbọn férémù yẹn!"

Ó gbọ̀n ọ́n. Ọkùnrin yẹn tún yọ. Bàbá mi dìde. Ó fọwọ́ kan ìṣó, ó gbójú sókè wo ibi tí wáyà ti wọlé látòkè àjà, ó fojú tọ̀ ọ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Yéè! Èmi ni mo kàn án."

Ó fọwọ́ ara ẹ̀ tú pákó tí kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fẹ̀yìn tì. Ìṣó ti gún wáyà èríálì ní àgúnyọ. Bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín wáyà yẹn, irin wẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n hun bí àwọ̀n sì wà níta, rọ́bà ló là wọ́n láàárín. Wọn ò gbọdọ̀ fara kanra. Ìṣó bàbá mi ti so wọ́n pọ̀.

Mo ní, "Bàbá, Gúnrégé ni yín lóòótọ́. Gbogbo bí ògiri yìí ṣe fẹ̀ tó, àárín wáyà gan-an lẹ kàn án sí. Kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì."

"Aláwàdà, lọ gbé àkàbà." Ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀rín lẹ́nu ẹ̀.

Ó ra wáyà tuntun. Kò sáyè láti fi í pamọ́ mọ́, ó jẹ́ kó gba ojú ògiri kọjá níṣojú gbogbo ayé, ó fi okùn rọ́bà dè é, kò sún mọ́ ìṣó rárá. Ó gun òkè lọ, ó ń yí èríálì, èmi ń ké lójú fèrèsé: "Díẹ̀ sí i! Ó ń bọ̀! Ó ti lọ! Ẹ dá a padà! Ó ti dé!" Ó ti dé lóòótọ́. Ni mo bá fi kún un pé, "Ẹ má mira o! Ẹ nawọ́ ọ̀tún sókè, ìgbà yẹn ló ń mọ́!" Bàbá mi nawọ́ sókè, ó dúró gbọn-in bí ọlọ́pàá ojú títì. Màmá mi ló wo tẹlifíṣọ̀n, tó wò mí, tó gbá mi léjìká. "Bàbá wọn, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ọmọ yín ń fi yín ṣeré!"

Ní agogo mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n mi yọ. Ojú ẹ̀ mọ́, ohùn ẹ̀ là. Màmá mi bú sẹ́kún. Bàbá mi ò jókòó. Ó dúró ṣánṣán bí òpó ẹ̀ títí ìròyìn fi parí, ó wá ní, "Tábìlì tí wọ́n fún un yẹn, wọn ò fá etí ẹ̀ dáadáa." Omi ti kún ojú ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló sọdá títì lọ bá onígbàjámọ̀. Ó ní ọmọ òun ló sọ ọ́ fóun pé wọ́n máa ti afárá ìlú pa lọ́la. Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan tó jọ ọ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n tiẹ̀ náà wá sọ̀rọ̀ afárá lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ilé wa ní ilé aríran.

Títí dòní, wáyà yẹn ṣì wà lójú ògiri. Bí àlejò bá béèrè pé wáyà kí nìyẹn, bàbá mi á gbé àyà síwájú, á ní, "Wáyà ọmọ mi ni."

Ní ti àsọtẹ́lẹ̀, agogo mẹ́fà ni iléeṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ń ka ìròyìn. Èyí tí èríálì onígbàjámọ̀ ń gbà ń ka tiẹ̀ ní agogo mẹ́jọ.