Olúfúnmiláyọ̀ Tó Yí Wáyà fún Orí Rélùwéè

Ní Àrámọkọ, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, obìnrin kan wà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ìyá Ṣọlápé. Olúfúnmiláyọ̀ Bámigbóyè lorúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ bíbí Òkè-Ìmẹ̀sí sì ni. Ezekiel ọkọ rẹ̀ ń ṣe tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Òun ní tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan létí títì, níbi tó ti ń tún fáànù ṣe, tó sì ń yí wáyà tuntun sínú mọ́tò oníná tó bá jóná. Kì í ṣe mọ́tò tí à ń wọ̀ lọ sí Adó là ń sọ o. Èyí tí iná mànàmáná ń yí ni, irú èyí tó wà nínú fáànù àti lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́.

Bí àlejò bá bi í pé níbo ló ti kọ́ṣẹ́, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìdí rélùwéè ni."

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí Ezekiel lọ kàwé nílùú òyìnbó, Olúfúnmiláyọ̀ bá a lọ pẹ̀lú èrò pé òun á kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọn ò gbà á. Bẹ́ẹ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sanwó ilé. Ló bá wọ ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò oníná fún orí rélùwéè, ìyẹn ọkọ̀ iwájú tó ń fa gbogbo àwọn tó kù. Òun àti àwọn obìnrin mìíràn ló máa ń yí wáyà bàbà sínú mọ́tò náà, wọ́n á dì í, wọ́n á sì rì í sínú ọ̀dà kí ó lè dúró gbọn-in.

Irú orí rélùwéè yìí kì í mu epo. Wáyà ni wọ́n ta sókè, tó ń bá ojú irin lọ. Apá irin kan wà lórí ọkọ̀ náà tó ń fara kan wáyà ọ̀hún, tó ń gba iná sínú. Tiránsífọ́mà á bu agbára iná náà kù, lẹ́yìn náà ni yóò tó dé ọ̀dọ̀ àwọn mọ́tò tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Àmọ́ lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ọ̀pá irin tó so ẹsẹ̀ méjì pọ̀ ni wọ́n fi mọ́tò kọ́. Bó ṣe rọrùn láti ṣe nìyẹn, kò sì gbówó lórí. Ṣùgbọ́n kò sí sípíríǹgì kankan tó lè gba ìnira ojú irin fún mọ́tò náà.

Kò pẹ́ tí àwọn mọ́tò kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sílé iṣẹ́ pẹ̀lú wáyà tó ti já nínú wọn. Èyí tí Olúfúnmiláyọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ yí wà níbẹ̀. Ọkàn rẹ̀ dàrú. Ó rò pé wọ́n máa lé òun lọ. Ibi tó ti ń sunkún ni ọ̀gá wọn, ọ̀gbẹ́ni Pius, àgbàlagbà ará Ireland kan, ti bá a.

"Ṣé o ti gun orí rélùwéè rí?"

"Rárá, sà."

"Wá, jẹ́ ká lọ wo ibi tí iṣẹ́ rẹ ń gbé."

Ó mú un gun ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ dán wò, ó sì ní kó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀ ọkọ̀ náà. Bí ọkọ̀ ti ki eré mọ́lẹ̀, ńṣe ni ara Olúfúnmiláyọ̀ ń gbọ̀n títí dé eyín.

Ọ̀gbẹ́ni Pius pariwo kí ó lè gbọ́ ọ: "Gbogbo bí ojú irin ṣe ń gbá ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí, wáyà rẹ ló ń gbà á! Ọwọ́ rẹ kọ́ ló bà á jẹ́!"

Olúfúnmiláyọ̀ tún bú sẹ́kún, ṣùgbọ́n ẹkún yìí yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Ojú rẹ̀ náà ni wọ́n ṣe wá àtúnṣe sí i. Wọ́n fi àwọn orí rélùwéè kan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí wọ́n máa fa ẹrù lọ jẹ́jẹ́. Wọ́n fi sípíríǹgì ńlá sábẹ́ àwọn mìíràn, wọ́n sì fi rọ́bà sínú ẹsẹ̀ wọn, àwọn yẹn sì tún lè sáré. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ṣe àbúrò wọn, orí rélùwéè tuntun kan. Ẹni tó bá rí i lókèèrè á ní ìbejì ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ mọ́tò tirẹ̀ kúrò lára ọ̀pá ẹsẹ̀. Wọ́n gbé e sókè síbi tí sípíríǹgì ti gbé e ró, ọ̀pá kan tó ń fì díẹ̀díẹ̀ ló sì ń gbé agbára rẹ̀ dé ẹsẹ̀. Ó lágbára ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, wáyà rẹ̀ kì í sì í tètè já.

Nígbà tí Ezekiel kàwé tán, tọkọtaya náà gbé Ṣọlápé ọmọ wọn, wọ́n padà sílé.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn obìnrin ìjọ kan ní Erio dáwó ra ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́ tó ń fi iná ṣiṣẹ́. Mọ́tò rẹ̀ jóná. Màmá Comfort, olórí ẹgbẹ́ wọn, fi takisí gbé e wá sí Àrámọkọ. Ìyá Ṣọlápé yí wáyà tuntun sí i. Ó tún jóná, ó tún yí òmíràn sí i. Nígbà tí takisí dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ojú tì í débi pé kò lè dìde.

"Ẹ kú ulé o," ni Màmá Comfort fi èdè Èkìtì kí i.

"Màmá, ẹ má bínú. Bóyá kí ẹ gbé e lọ sí Iléṣà."

"Wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nílé. Mo ní ọ̀dọ̀ yín náà ni mò ń bọ̀. Mo rí bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ kì í fi ṣeré."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ìyá Ṣọlápé lára. Ó yí wáyà náà tán, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n dá gbé e lọ. Ó wọ takisí, ó bá wọn dé Erio. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ara irin kan náà ni àwọn wẹ́dà jó mọ́tò àti ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́ mọ́. Wọ́n tan iná, wọ́n da ẹ̀gẹ́ sí i. Ó gbé ọwọ́ lé mọ́tò náà, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ ohun tó ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀. Bí orí rélùwéè ọjọ́sí ṣe gbọ̀n gẹ́lẹ́ nìyẹn.

"Ẹ pa á! Ẹ pa á!" ó pariwo.

Ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n gé táyà àlòkù sábẹ́ mọ́tò náà. Ó dín kù, ṣùgbọ́n kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lọ́jọ́ mìíràn, ó ní kí bíríkìlà da kọnkéré lọ́tọ̀ fún mọ́tò, kí ó jìnnà díẹ̀ sí ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́, ó sì fi bẹ́líìtì so àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹ̀rọ ń bá ẹ̀gẹ́ jà, mọ́tò jókòó jẹ́jẹ́ níbi tirẹ̀. Wọ́n lọ ẹ̀gẹ́ di òpin ọdún, kò jóná mọ́.

Nígbà ìkórè, àwọn obìnrin náà pè é sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Ezekiel sì bá a lọ. Wọ́n fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ìjọ, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Èmi ló yẹ kí n dúpẹ́," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ kò fi mí sílẹ̀ nígbà tí ojú ń tì mí. Òyìnbó kan sì wà, Pius lorúkọ rẹ̀. Òun ló mú mi lọ wo ibi tí iṣẹ́ mi ń gbé. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, ǹ bá ṣì máa bú ọwọ́ ara mi."

Màmá Comfort béèrè pé, "Ṣé ó ṣì wà láyé?"

"Mi ò mọ̀, Màmá."

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún un."

Gbogbo ìjọ dìde. Wọ́n pe Pius ní àpètúnpè, bí ẹni pé ọmọ Erio ni, àwọn kan tilẹ̀ ń pè é ní Bàbá Píọ́ọ̀sì. Olúfúnmiláyọ̀ ṣe àmín pẹ̀lú ẹ̀rín àti omijé.

Ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ló jókòó sí nínú takisí nígbà tí wọ́n ń padà lọ, àpò gàrí funfun sì wà lórí itan àwọn méjèèjì.

"Ìyá Ṣọlápé," Ezekiel ní, "o ò dákẹ́ láti ìgbà tí a ti kúrò níbẹ̀. Kí lò ń sọ?"

"Mò ń kọ orin ọpẹ́ ni," ó dá a lóhùn. "Ẹ bá mi gbè é."

Ezekiel gbè é, awakọ̀ náà sì bá wọn dá sí i.