Agbe Kan ní Ejinrin

Tí kọ́kọ́rọ́ bá ń dún wọroworo nínú àpò ẹnìkan, alájọgbélé wa ní Ìgbògbò ni mo máa ń rántí. Aṣọ ìnujú ló máa ń fi di tirẹ̀ kó tó wọgbó lọ ya àwòrán ẹyẹ. "Ẹyẹ á ti gbúròó rẹ kí o tó rí i," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Ní Sátidé kan, mo tẹ̀ lé e dé Ejinrin. Bó ṣe gbé kámẹ́rà sókè sí agbe kan báyìí, àwọn ọkùnrin mẹ́ta yọ sí wa. Àdá wà lọ́wọ́ àgbà wọn.

"Ta ló rán yín wá ya ilẹ̀ wa? Ẹ fẹ́ tà á, àbí?"

Alájọgbélé wa ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lóṣòó. Á fò lọ."

Aládàá gbójú sókè, ó rí ìyẹ́ aláró náà, ló bá lóṣòó. Kò sẹ́ni tó mí títí kámẹ́rà fi dún. Aládàá gba nọ́ńbà alájọgbélé wa, ó ní ká fi àwòrán náà ránṣẹ́ sóun.

Lọ́dún tó kọjá, aládàá náà pè: ó fẹ́ ta ilẹ̀ náà, kí alájọgbélé wa wá bá òun yà á fáwọn tó fẹ́ rà á.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹyẹ nìkan ni mo ń yà." Ó sì pa fóònù.