Páànù Ló Ṣáájú àbí Kànga?

Mi ò gba aago gbọ́. Èyí tó wà lára ògiri pálọ̀ mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń fi ìṣẹ́jú mẹ́fà sáré ju ti mọ́ṣáláṣí lọ, ti mọ́ṣáláṣí náà kò sì bá ti rédíò mu. Ta wá ni kí n gbà gbọ́? Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà ni irú ìbéèrè báyìí ti ń dà mí láàmú. Ta ló ní kí ọ̀sẹ̀ jẹ́ ọjọ́ méje, nígbà tó jẹ́ pé ọrọọrún làwọn bàbá wa ń ná ọjà? Ìyàwó mi ní àìríṣẹ́ṣe ló ń bá mi jà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í béèrè ni wọ́n máa ń rẹ́ jẹ.

Nígbà tí baálé ilé wa kú ni ọ̀rọ̀ náà wá le. Nínú agboolé wa, ọkùnrin tó dàgbà jù ló ń jẹ baálé, kò sí ìbò dídì níbẹ̀. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé èmi ló kàn. Àfi ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Láti kékeré ló ti ń pè mí ní bọ̀dá. Nígbà tí ìpàdé tí a fẹ́ fi jẹ baálé tuntun ku ọ̀la ni wọ́n rí i tó ń bá àwọn àgbà ilé sọ̀rọ̀ kélékélé, ilẹ̀ mọ́, ó dìde láàárín wa, ó ní, "Ìwọ náà, sọ ọdún tí wọ́n bí ọ." Ìwọ, fún èmi. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ tó ké lánàá ló pọmọ jẹ? Inú bí mi gan-an.

Kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí wa sílẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ wọ iléèwé, wọ́n ní ká na ọwọ́ kọjá lórí. Tí ọwọ́ bá ti kan etí kejì, ọmọ ti tó nìyẹn. Ìwé ìbúra ọjọ́ orí tí mo gbà ní kóòtù, èmi fúnra mi ni mo sọ ohun tí akọ̀wé kọ, nítorí náà mo mọ bó ṣe ṣeé gbára lé tó. Ohun tó bá wọlé tuntun la fi ń ka ọdún. Ìyá mi sọ fún mi àìmọye ìgbà pé ọdún tí wọ́n ṣí koríko kúrò lórí ilé tí wọ́n fi páànù kàn án ni òun bí mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ọdún tí wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n bí òun, àti pé kànga ló ṣáájú páànù. Mo yẹ kànga wò. Mo gun àga wo páànù, ó ti dógùn-ún. Kò sí èyí tó dá mi lóhùn nínú méjèèjì.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó lè mọ̀: àbúrò bàbá mi obìnrin tó lọ́kọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí a ń pè ní Màmá. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo wọ mọ́tò, kí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi má baà ṣáájú mi débẹ̀. Mo bá Màmá lórí ẹní, wọ́n ń ka tẹ̀súbáà. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, n kò tilẹ̀ tíì mu omi tí mo fi bi wọ́n pé, "Màmá, páànù ló ṣáájú àbí kànga?"

"Páànù ni," ni wọ́n wí. "Ó tó ọdún kan gbáko kí wọ́n tó gbẹ́ kànga."

Inú mi dùn ṣìnkìn. Mo yọ fóònù, mo ní kí wọ́n tún un sọ kí n gba ohùn wọn sílẹ̀. Màmá ní kí n pa á, kí n sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo ṣàlàyé. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka tẹ̀súbáà wọn, mo sì fura pé ẹnì kan ti fi nǹkan bò wọ́n lẹ́nu.

"Ọmọ tí ìyá rẹ bí lọ́dún páànù kò tíì rìn tó fi kú," ni Màmá sọ níkẹyìn. "Lẹ́yìn ìyẹn la gbẹ́ kànga, tí wọ́n bí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Ọdún kejì lo tó dé. Ìyá rẹ ní òun ò bí ọmọ méjì, pé àbíkú ni, ẹni tó lọ náà ló padà wá. Láti ìgbà tó kọ́kọ́ bí i ló ti ń ka ọjọ́ orí rẹ. Ó bẹ gbogbo wa pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka ọmọ òun sí òkú. A gbà fún un. Ta ni yóò bá abiyamọ jiyàn irú ìyẹn?"

Gbogbo èèyàn ni mo ń fura sí, n kò fura sí ìyá mi rí. Mo bi Màmá pé kí ni orúkọ ọmọ náà. Wọ́n ní, "Orúkọ rẹ ni. Wọn ò tún sọ ọ́ ní òmíràn."

Mo sunkún nínú mọ́tò títí a fi dé Ọ̀yọ́, kì í ṣe nítorí oyè. Ìyá mi sin ọmọ kan, n kò sì bá wọn dárò rẹ̀ lọ́jọ́ kan títí wọ́n fi kú.

Nígbà tí ìpàdé tún pé, mo dìde, mo ní kí wọ́n fi ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi jẹ baálé. Ó wò mí tìfura-tìfura. Àwọn ará ilé ní kí n sọ ìdí, ṣebí èmi ni mo ń pariwo pé mo jù ú lọ. Mo ní ó ti rẹ̀ mí. N kò lè sọ fún wọn pé ẹni tó jù ú lọ ti kú kí wọ́n tó bí mi.